Ọgbà Àrẹwà àti Ọ̀wọ́ Ẹranko: Bí A Ṣe Ka Ìwé Margaret Edwards

Ní ọdún 1969, obìnrin kan tí ó ti lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ilé ìkàwé ní ìlú Baltimore, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó sì ti fẹ̀yìn tì láti ọdún 1962, tẹ ìwé kan jáde tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní The Fair Garden and the Swarm of Beasts. Margaret Alexander Edwards ni orúkọ rẹ̀. Bí a bá fẹ́ fi èdè wa pe àkọlé náà, a ó ní Ọgbà Àrẹwà àti Ọ̀wọ́ Ẹranko. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́langba àti ìwé ni ó dá lé: àwọn tí wọ́n ti dàgbà kọjá ọmọdé, tí wọn kò sì tíì dé ipò àgbà. Wọ́n tún un tẹ̀ ní 1974, wọ́n sì tún un tẹ̀ ní 1994 lẹ́yìn tí ẹni tí ó kọ ọ́ ti kú. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í sábà ṣẹlẹ̀ sí ìwé tí òṣìṣẹ́ kan kọ nípa iṣẹ́ rẹ̀. Àwa ti kà á, a sì fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ibi tí a ti gbà pẹ̀lú rẹ̀ àti ibi tí a ti bá a jiyàn.

Àkọlé náà fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Ní 1909, Edmund Lester Pearson, tí òun náà jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, gbé ìwé pẹlẹbẹ kan jáde tí ó pè ní The Old Librarian's Almanack. Ó ní àgbà olùtọ́jú ìwé kan ni ó kọ ọ́ ní 1773. Àgbà yìí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ìwé tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ẹni tí ó bá ṣílẹ̀kùn ilé ìwé fún gbogbo ayé dà bí ẹni tí ó da ẹran sínú ọgbà òdòdó. Ẹ̀fẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Àgbà náà kò sí láyé rí. Pearson ni ó hùmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé náà jáde, àwọn kan tí wọ́n gbọ́n dáadáa gbà pé òtítọ́ ni. Ìdí tí wọ́n fi gbà á gbọ́ kò jìnnà: kò sí ẹni tí kò mọ irú àgbà bẹ́ẹ̀. Àwa náà mọ̀ ọ́n. Nínú ìlú wa, láti Kétu dé Sábẹ̀ẹ́, láti Àjàṣẹ́ dé Atakpamé, ó wọ́pọ̀ kí a rí kọ́bọ́ọ̀dù ìwé tí wọ́n tì pa, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnìkan, tí ẹni náà kò sì sí nílé. Ìwé inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò sí ohun tí ó lè dọ̀tí níbi tí ọwọ́ kò ti kàn án.

Edwards mú ọ̀rọ̀ àgbà náà, ó sì yí i po. Nínú ìwé rẹ̀, ọ̀wọ́ ẹranko ni àwọn ọ̀dọ́langba ìlú Baltimore, aláriwo, oníwàdùwàdù, tí ń wọlé láti òpópónà pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀ ni pé kí wọ́n wọ ọgbà náà, kí wọ́n sì jẹ nínú rẹ̀ yó. Ó fi ẹ̀fẹ̀ sọ ọ́, ẹ̀fẹ̀ náà sì ń jó ẹni tí ó bá kàn lára. Òun kì í ṣe òǹkọ̀wé tí ń rọra. Bí ó bá bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wí pé wọ́n fi àkókò tò káàdì ju àkókò tí wọ́n fi ń ka ìwé tí ó wà lẹ́yìn káàdì náà lọ, ó ń sọ ọ́ bí ìyá tí ó ti rẹ̀ tí ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

A kò ní í pẹ́ lórí ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Childress, ní ìpínlẹ̀ Texas, ni wọ́n ti bí i ní 1902. Ó gba oyè ní Trinity University, tí ó wà ní Waxahachie nígbà náà, ó ṣiṣẹ́ olùkọ́, ó sì tún lọ kọ́ èdè Látìn síwájú sí i ní Columbia University ní New York. Látìn ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Towson, lẹ́bàá Baltimore, kí ó tó wọ iṣẹ́ ní ilé ìkàwé Enoch Pratt ní 1932, ní àkókò tí àìríṣẹ́ṣe gba gbogbo Amẹ́ríkà kan. Joseph Wheeler ni ọ̀gá ilé ìkàwé náà. Ọkùnrin yìí ni ó mú kí wọ́n kọ́ ilé ńlá tuntun tí wọ́n ṣí ní 1933. Ó fi fèrèsé gíláàsì fífẹ̀ sí iwájú rẹ̀ bí ti ilé ìtajà ńlá, kí wọ́n lè pàtẹ ìwé síbẹ̀ fún ẹni tí ń kọjá lọ, ó sì mú kí ẹnu ọ̀nà wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú títì, kí ẹnikẹ́ni má baà gun àtẹ̀gùn kí ó tó wọlé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ti sọ̀rọ̀ kí òṣìṣẹ́ tó la ẹnu. Nínú ilé náà, àyè wà fún ọmọdé, àyè wà fún àgbà. Ọmọ ọdún 15 kò ní ibi tí ó lè pè ní tirẹ̀: àga àwọn ọmọdé ti kéré fún un, ojú sì ń tì í láti lọ bá àwọn àgbà. Pẹpẹ ìwé díẹ̀ ni Edwards fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún irú ọmọ yìí. Nígbà tí yóò fi fẹ̀yìn tì, òun ni alákòóso iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ fún gbogbo ilé ìkàwé ìlú náà àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀.

Òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ ronú kan àwọn ọ̀dọ́. Ilé ìkàwé New York ti gba Mabel Williams sí irú iṣẹ́ yìí láti 1919. Cleveland ti ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ ní 1925. Àwa tí a ń ka Faransé lè rántí L'Heure Joyeuse tí àwọn obìnrin Amẹ́ríkà fi ta àwọn ará Paris lọ́rẹ ní 1924, níbi tí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ti lè fi ọwọ́ ara wọn mú ìwé lórí pẹpẹ, ohun tí kò wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Faransé nígbà náà. Ohun tí ó ya Edwards sọ́tọ̀ ni pé ó kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́, ó sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ohun tí ń bà á jẹ́, àti ohun tí ẹni tí ń kọ́ ọ gbọ́dọ̀ là kọjá.

Ibi tí ìwé náà ti lágbára jù nìyẹn, ibẹ̀ ni a ó sì dúró sí díẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ bá Edwards ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ ní Baltimore gbọ́dọ̀ ka 300 ìwé láti inú àkójọ tí wọ́n ti yàn. Ìwé gan-an ni a wí, láti ojú ìwé kìíní dé òpin. Àkópọ̀ tí ẹlòmíràn ṣe kò tó. Òṣìṣẹ́ tuntun náà yóò ka díẹ̀, yóò wá jókòó níwájú ọ̀gá rẹ̀, wọn yóò jọ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ó kà, lẹ́yìn náà ni yóò tó lọ ka òmíràn. Ní ilé iṣẹ́ ìjọba wo ni a ti gbọ́ irú èyí rí? Àwọn kan yóò wí pé ìlò-ènìyàn-nílòkulò ni, nítorí pé alẹ́ àti ọjọ́ ìsinmi ni òṣìṣẹ́ náà ń lò. Ẹjọ́ wọn kì í ṣe ẹjọ́ òfo. Òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, tí ó tún ní ọmọ nílé, kò ní àkókò bí ọ̀gá tí ó fẹ́ràn ìwé kíkà ju oúnjẹ lọ. Ìwé Edwards kò bìkítà tó fún èyí, ó sì yẹ kí ó bìkítà.

Síbẹ̀, a gbà pé òun ni ó jàre. Ẹ wo bí ó ti rí nínú àṣà wa. Ọmọ awo tí ó mọ orúkọ Odù mẹ́rìndínlógún, tí kò mọ ẹsẹ tí ó wà nínú wọn, kò tíì lè jókòó níwájú ẹni tí ó mú ìṣòro rẹ̀ wá. Ohun tí ẹni náà wá gbọ́ ni ẹsẹ, èyí tí ó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu. Olùtọ́jú ìwé tí ó mọ àkọlé àti nọ́ńbà tí a lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé wà nípò ọmọ awo yẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé, ó ní òun ń wá ìwé tí ó dùn. Kò mọ ohun tí òun ń fẹ́. Bí olùtọ́jú náà bá nawọ́ sí pẹpẹ kan tí ó sì padà sídìí tábìlì rẹ̀, ọmọ náà kò ní í padà wá. Èrò Edwards ni pé kí òṣìṣẹ́ náà dìde, kí ó bá ọmọ náà rìn dé ìdí pẹpẹ, kí ó bi í léèrè ohun tí ó kà kẹ́yìn, kí ó sì mú ìwé mẹ́ta jáde tí òun fúnra rẹ̀ ti kà, kí ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà kí ó fi ọmọ náà sílẹ̀ kí ó yàn. Kò sí kọ̀ǹpútà tí ó lè ṣe èyí fún ẹni tí kò kàwé.

Láti inú èyí ni ìṣe kejì ti jáde, èyí tí àwọn ará Baltimore fi mọ̀ ọ́n jù. Edwards àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n ń dúró níwájú kíláàsì, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ lórí ìwé láìsí ìwé ọwọ́. Wọn kì í ṣe àlàyé ìwé bí olùkọ́ ti ń ṣe é, wọn kì í sì í bèèrè ìbéèrè lẹ́yìn rẹ̀. Wọn yóò mú ìṣẹ̀lẹ̀ kan nínú ìwé, wọn yóò sọ ọ́ dé ibi tí ó ti le, wọn yóò sì dákẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyókù, ó mọ ibi tí ìwé wà. Edwards kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe èyí láìmúra. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ há ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí, kí ó sì ti sọ ọ́ sétí ẹlòmíràn kí ó tó dé iwájú àwọn ọmọ. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ìpolówó ọjà ni. Obìnrin tí ń kiri àkàrà ní Àjàṣẹ́ láàárọ̀ mọ̀ pé ohùn ni ń kọ́kọ́ wọ inú ilé kí igbá tó wọlé. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé bí àkàrà bá ti tutù, ìpolówó kò ràn án. Apá kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé nígbà tí wọ́n bá ń gbóríyìn fún Edwards. Nítorí 300 ìwé yẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ń wọni lára.

Ìṣe kẹta ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, epo ọkọ̀ wọ́n, ìjọba sì ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń pín in. Ní Baltimore, àwọn tí ń kiri èso àti ewébẹ̀ ní òpópónà ti ń lo kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà tipẹ́tipẹ́. Edwards rí i pé àwọn kan wà ní àdúgbò àwọn tálákà tí ẹsẹ̀ wọn kò tíì tẹ ilé ìkàwé rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé fèrèsé rẹ̀ fẹ̀ tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò sì ní àtẹ̀gùn. Ó wá kẹ̀kẹ́, ó wá ẹṣin, ó kó ìwé sí i, ó sì bá a jáde lọ sí àdúgbò wọ̀nyẹn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọmọ á gbọ́ ìró pátákò, wọ́n á ti rò pé èso ni, wọ́n á sì bá ìwé pàdé.

Ó rọrùn láti fi ìtàn yìí pa ẹni lẹ́rìn-ín kí a sì kọjá lọ. Àwa rò pé òun ni ọ̀rọ̀ tí ó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo iṣẹ́ obìnrin náà, ó sì dùn wá pé kò pẹ́ lórí rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé tí ó dára bí ilé Wheeler fi hàn pé ẹni tí ó bá fẹ́ lè wọlé. Kẹ̀kẹ́ Edwards fi hàn pé ẹni tí kò mọ̀ pé òun lè fẹ́ ni ó pọ̀ jù. Ìjọba lè kọ́ ilé ìkàwé sí àárín ìlú, kí wọ́n gé ríbọ́ńnì, kí àwọn àgbààgbà ìlú wọ aṣọ òkè wá síbẹ̀, kí ọmọ tí ń gbé ní ọ̀nà oko tí kò ju kìlómítà mẹ́rin lọ sí ibẹ̀ má mọ̀ láéláé pé wọ́n kọ́ ọ fún òun.

Ní báyìí, a dé ibi tí a kò ti gbà pẹ̀lú rẹ̀. Edwards gbà pé ìwé kíkà dà bí àkàbà. Kí a bá ọ̀dọ́ náà níbi tí ó wà, kí a fún un ní ohun tí ó fẹ́, kí a sì máa fà á gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé orí ìwé àgbà, ìwé tí yóò sọ ọ́ di ọmọ ìlú tí ó mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀ àti ọmọ aráyé tí kò kórìíra àjèjì. Èyí ni ó mú kí ó gbèjà àwọn ìtàn ìfẹ́ tí àwọn olùkọ́ ń fi ṣẹ̀sín. Láti 1942 tí Seventeenth Summer tí Maureen Daly kọ ti jáde, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ sí i ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọbìnrin sì ń jà du wọn. Edwards kọ ọ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn olùkọ́ pé kí wọ́n fi àwọn ọmọ náà sílẹ̀; ọmọbìnrin tí ń ka ìtàn ìfẹ́ lónìí ni yóò ka ìwé ńlá lọ́la, bí a kò bá já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gba ìgboyà nígbà náà. A bọ̀wọ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo àkàbà náà dáadáa. Ẹsẹ̀ ni a fi ń tẹ ìpele ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí a lè fi í sílẹ̀. Bí ìtàn ìfẹ́ bá níyì kìkì nítorí pé ó ń gbéni dé orí ìwé mìíràn, a jẹ́ pé ìwé náà fúnra rẹ̀ kò níyì, àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń fi ṣẹ̀sín sì jàre. Edwards kàn ní sùúrù jù wọ́n lọ ni. Ọmọbìnrin ọdún 16 tí ó rí ìdààmú ọkàn ara rẹ̀ nínú ìtàn kan ti rí nǹkan gbà lójú ẹsẹ̀. Kò di dandan kí ó gun ibì kankan lẹ́yìn náà. Òǹkọ̀wé tí ó mọ ọ̀dọ́ bí ẹni mọ owó yẹ kí ó lè gbà bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkàbà yìí kan àwa gan-an ju bí ó ti kan àwọn ará Baltimore lọ, ìdí nìyẹn tí a fi ń jiyàn lórí rẹ̀. Nínú ilé ẹ̀kọ́ wa, èdè tí wọ́n fi ń kọ́ni ni Faransé. Bí Yorùbá bá tilẹ̀ ráyè wọlé, a máa ń gbọ́ pé ó dára láti fi í bẹ̀rẹ̀, pé yóò ran ọmọ lọ́wọ́ kí ó lè tètè gbọ́ Faransé. Àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ ń gbèjà èdè wa ni, ọ̀nà kan náà tí Edwards gbà gbèjà ìtàn ìfẹ́. Wọ́n sọ ọ́ di ìpele ìsàlẹ̀. Ọmọ CEG tí ó bá ń ka ìtàn ní Yorùbá nígbà tí ó ti mọ Faransé kà, wọ́n á bi í léèrè pé kí ni ó tún ń wá níbẹ̀. Ìwé ìròyìn tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí, tí ó ní èdè méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò lè gba àkàbà láàyè láàárín wọn. Bí olùtọ́jú ìwé kan bá fẹ́ fi ìlànà Edwards ṣiṣẹ́ ní Kétu tàbí ní Sábẹ̀ẹ́, a bẹ̀ ẹ́ kí ó mú 300 ìwé náà, kí ìwé Yorùbá pọ̀ nínú wọn, kí ó sì fi àkàbà sílẹ̀ ní Baltimore.

Ọ̀ràn kejì tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Enoch Pratt fi owó rẹ̀ dá ilé ìkàwé náà sílẹ̀ ní 1882, ó là á sílẹ̀ pé ti olówó àti tálákà ni, láìwo àwọ̀ ẹnikẹ́ni. Nínú ìlú tí òfin àti àṣà ti ya funfun sọ́tọ̀ kúrò lára dúdú, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Aláwọ̀ dúdú lè wọlé, ó lè yá ìwé. Ṣùgbọ́n ilé ìkàwé náà ní kíláàsì kan tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn tí yóò di òṣìṣẹ́, ẹni dúdú kò sì lè wọ kíláàsì yẹn. Ní 1943, Louise Kerr, ọ̀dọ́mọbìnrin dúdú kan tí ó kàwé, béèrè fún àyè níbẹ̀. Wọ́n kọ̀ fún un nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó gbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá ilé ìkàwé láre, ìyẹn ní 1944. Ní 1945, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà, wọ́n ní ilé tí ó ń jẹ owó ìlú kò lè pe ara rẹ̀ ní ilé ẹni aládàáni nígbà tí ó bá fẹ́ ṣe ẹ̀yà.

Ọdún wọ̀nyí gan-an ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ń lọ káàkiri àdúgbò. Edwards kọ́ ni ó ṣe òfin kíláàsì náà, a kò sì di ẹ̀bi rẹ̀ rù ú. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó bá ń ka ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ka ìtàn ẹjọ́ Kerr mọ́ ọn. Ọgbà náà ní ẹnu ọ̀nà méjì. Láti ẹnu ọ̀nà kan ni wọ́n ti ń wọlé wá jẹ èso. Láti èkejì ni olùṣọ́gbà ti ń wọlé. Baltimore ṣí èkíní fún gbogbo ènìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ti èkejì pa fún ẹ̀yà kan títí ilé ẹjọ́ fi fọ́ ọ. Ọ̀dọ́ dúdú tí ìwé dùn mọ́ nínú ní 1940, tí ó sì fẹ́ lo ayé rẹ̀ láàárín ìwé bí Edwards ti ṣe, kò lè gba ọ̀nà Edwards. Lójú wa, bí a bá ń wọn iṣẹ́ ilé ìkàwé fún ọ̀dọ́, kí a má ṣe ka iye tí ó yá ìwé nìkan. Kí a ka iye ọ̀dọ́ tí ó padà wá di ẹni tí ń fún ẹlòmíràn ní ìwé.

Edwards kú ní 1988. Ní ọdún kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ rẹ̀ fún àwọn òǹkọ̀wé tí iṣẹ́ wọn ti wúlò fún ọ̀dọ́ ní àmì-ẹ̀yẹ, S. E. Hinton sì ni ó kọ́kọ́ gbà á. Ẹ̀rín pa wá nígbà tí a rí èyí. Hinton ni ó kọ The Outsiders, tí ó jáde ní 1967, ọdún méjì ṣáájú ìwé Edwards. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni ó ṣì wà nígbà tí ó kọ ọ́, nípa àwọn ọmọ ìsọ̀ta bí irú èyí tí ó mọ̀. Ọ̀dọ́ ni ó kọ ọ́, ọ̀dọ́ ni ó kọ ọ́ fún, kò sì wá àkàbà kankan gùn. Àmì-ẹ̀yẹ kejì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1998, ni ó bá èrò obìnrin náà mu jù: lọ́dọọdún ni wọ́n ń fi í yan ìwé àgbà mẹ́wàá tí ó lè dùn mọ́ ọmọ ọdún 12 sí 18. Alex ni wọ́n pè é, nítorí orúkọ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é.

Ní ti bí ó ṣe kọ ìwé náà, kò lọ gbọọrọ bí ìtàn ìgbésí ayé, kò sì tò bí ìwé ẹ̀kọ́. Ó ń fò láti orí ìrántí dé orí ìbáwí, ó sì ń padà. Àwọn ojú ìwé kan ti di ti àná pátápátá, pàápàá níbi tí ó ti dárúkọ ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́. Lẹ́yìn ìwé náà ni apá kan wà tí ó pè ní ilé irinṣẹ́, níbi tí ó ti tò ohun gbogbo sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà: bí a ṣe ń bá ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ nídìí pẹpẹ ìwé, bí a ṣe ń múra ọ̀rọ̀ tí a ó sọ ní ilé ẹ̀kọ́, bí a ṣe ń kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun. Apá yìí gbẹ díẹ̀, kò sì ní ẹ̀fẹ̀ bí ti iwájú. Bí ẹnìkan nínú yín bá fẹ́ bá wa túmọ̀ nínú ìwé náà sí Yorùbá àti sí Faransé fún àwọn tí ń tọ́jú ìwé ní ìlú wa, ilé irinṣẹ́ yẹn ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀, kí ó sì fi ọgbà ṣe ẹ̀yìn.